Gbèsè tó wà láàárín ìsàlẹ̀ òkun àti ojú omi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Màkún Omi ni àwọn ìyá mi ti wá, apẹja sì ni gbogbo àwọn àbúrò ìyá mi. Ibì kan wà lójú òkun tí àwọ̀n wọn máa ń fà ya sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹja sì fi hàn pé nǹkan kan dúró gàgàrà nísàlẹ̀ ibẹ̀ bí ilé, ní mítà 65. Àwọn àgbà ní ọkọ̀ ńlá kan ló rì síbẹ̀ láyé ọjọ́un, pé idẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ láti kékeré, mo sì ti gba káàdì ìmòòkùn àkọ́kọ́, èyí tó ní kí n má kọjá mítà 18. Mo ti ra sílíńdà afẹ́fẹ́ amòòkùn tokunbọ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọkanáísà tá a lè fi kún wọn. Ṣé mo lè sọ̀kalẹ̀ lọ wo ọkọ̀ yìí? Ìṣẹ́jú mélòó ni mo lè lò níbẹ̀? Bàbá àgbà wa sì ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ Olókun.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, rárá. Mo fi rárá ṣáájú kó o má baà ka ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì kó o wá dìde lọ kún sílíńdà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé rárá lásán kì í dá ọmọ Ìjẹ̀bú dúró, àfi tó bá rí iye tí ọjà náà máa ná an. Nítorí náà, màá ṣí ìwé ìṣirò fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọkanáísà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ yẹn ò lágbára tó. Sílíńdà amòòkùn ń gba afẹ́fẹ́ dé nǹkan bíi 200 bar, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 200 agbára tí afẹ́fẹ́ ojú ilẹ̀ fi ń tẹ̀ wá. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ju 2 sí 3 lọ. Bó bá tilẹ̀ lágbára, òróró ẹ̀rọ àti èéfín tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò fà sínú sílíńdà rẹ. Èéfín tí ì bá kàn fọ́ ọ lórí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlọ́po 7 àbọ̀ agbára rẹ̀ ni wàá máa mí ní mítà 65. Á rọra gbé ọ sùn, o ò sì ní mọ̀ pé oorun lò ń sùn. Ó parí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sísọ̀kalẹ̀ ló ṣòro. Kò ṣòro, òkúta pàápàá mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwẹ̀ tó o sì mọ̀ láti kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́ níbí. Àwọn tó ń wọ ọ̀sà lọ kó yanrìn mọ ìmòòkùn jù mí lọ, n ò sì tijú àtisọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èémí tí wọ́n mí lókè ni wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀, òun náà ni wọ́n ń gbé padà bọ̀. Ìwọ, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lo ti fẹ́ máa mí. Ibẹ̀ ni gbèsè ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa ní ìwúwo tó fi ń tẹ̀ wá, a ò kàn mọ̀ ọ́n lára ni. Bó o bá sọ̀kalẹ̀ mítà 10 nínú òkun, omi ti gbé irú ẹrù yẹn kan sí i lé ọ lórí. Mítà 10 mìíràn, ẹrù mìíràn. Nígbà tó o bá fi máa dé mítà 65, ẹrù 7 àbọ̀ ló wà lórí rẹ. Règúlétọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ gbọ́dọ̀ máa fún ọ ní afẹ́fẹ́ tó ki tó bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyà rẹ ò ní lè fẹ̀. Náítírójìn, tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́, kì í bá wa ṣe nǹkan kan lókè níbí: ó wọlé, ó jáde. Àmọ́ lábẹ́ ẹrù 7 àbọ̀, ńṣe ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń wọnú ọ̀rá, ó ń wọnú mùdùnmúdùn. Ó ń yá ọ lówó láìjẹ́ pé o tọwọ́ bọ̀wé. Bó o bá ṣe jìn tó ni owó èlé ṣe ń ga sí, bó o bá ṣe pẹ́ tó ni gbèsè ṣe ń pọ̀ sí. Sogúndogójì gidi ni.

Bó o bá wá ń gòkè, ẹrù ń fúyẹ́, náítírójìn náà sì fẹ́ jáde. Bó o bá rọra gòkè, yóò gba ẹ̀dọ̀fóró jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó o bá sáré, inú ara níbẹ̀ ni yóò ti hó bí míníràlì tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló ni òṣómàáló, tí í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi pé. Náítírójìn kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Oríkèé eéjìká àti orúnkún ló ti ń lóṣòó, tó bá sì burú, inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Mo mọ ọkùnrin kan tó bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú omi, tí kò sì bá a rìn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣírò bí a ṣe lè san gbèsè yìí díẹ̀díẹ̀ ni John Scott Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland. Ewúrẹ́ ló fi dán an wò. Ó kó wọn sínú àgbá onírin, ó fún afẹ́fẹ́ mọ́ wọn, ó sì ń ṣọ́ èyí tí yóò máa ká ẹsẹ̀ iwájú sókè bí wọ́n bá jáde. Ní 1908 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ohun tó rí ni pé kì í ṣe gbogbo ara ló ń jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Wò ó báyìí: bó o bá da omi sí gàrí, lójú ẹsẹ̀ ló ti rin, bó o bá rẹ ẹ̀wà, ó di òwúrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni gàrí, ọ̀rá àti oríkèé ni ẹ̀wà. Haldane pín ara sí ọ̀nà márùn-ún nínú ìṣirò rẹ̀, èyí tó yára jù ń kún dé ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 5, èyí tó lọ́ra jù láàárín ìṣẹ́jú 75. Kọ̀ǹpútà tí àwa amòòkùn ń so mọ́ ọwọ́ lónìí, ọ̀nà tó pín ara sí pọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ewúrẹ́ wọ̀nyẹn náà ni.

Báwo la ṣe ń san án? A máa ń dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú 20 ní mítà 65 yóò kọ́kọ́ dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì níbi tó ṣì jìn, yóò gòkè mítà 3, yóò tún dúró, títí yóò fi dé mítà 6 níbi tí ìdúró ti ń gùn jù. Gbogbo ìdúró yìí lè tó wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àsìkò yìí, kò sí ohun tó burú tó lè ṣẹlẹ̀ tí wàá lè torí ẹ̀ sáré lọ sókè. Bí omi bá wọ inú awò tó bo ojú rẹ, ibẹ̀ lo ti máa tún un ṣe. Bí règúlétọ̀ bá bàjẹ́, ibẹ̀ náà ni. Ojú omi wà lókè rẹ, ò ń rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ò ń wo ìdí ọkọ̀ àbúrò ìyá rẹ, ṣùgbọ́n o ò lè dé ibẹ̀. Ìgbà tí mo bá ń kọ́ ọmọdé níṣẹ́, ohun tí mo máa ń wò nìyí: ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ní mítà 6 fún wákàtí kan láìṣe nǹkan kan, amòòkùn ni. Ẹni tó gbóyà kì í jọ mí lójú.

Wàyí o, o bi mí ní ìṣẹ́jú mélòó. Ká ní oní-lítà 12 ni sílíńdà rẹ méjèèjì, tí wọ́n kún dé 200. Lítà 4,800 nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ń mí nǹkan bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Ní mítà 65, ìlọ́po 7 àbọ̀ ni, ìyẹn lítà 150. Bó o bá mí gbogbo rẹ̀ tán nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú 32 ló máa bá ọ lò, wàá sì kú síbẹ̀. Nítorí náà ìdá mẹ́ta la ń pín in sí: ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀, ọ̀kan fún ẹnìkejì rẹ tí tiẹ̀ bá tán. Ìdá kan jẹ́ lítà 1,600. Ìṣẹ́jú 10 àti díẹ̀ nìyẹn. Ìwọ tí ẹ̀rù yóò sì máa bà, tí wàá máa ti omi, ìlọ́po méjì lo máa mí. Ìṣẹ́jú 5. Nínú ìṣẹ́jú 5 yẹn lo ti máa sọ̀kalẹ̀, kó o rí ọkọ̀, kó o sì yíjú padà. N ò tíì ka afẹ́fẹ́ tó o máa fi dúró san gbèsè. Kò kù.

Ọ̀rọ̀ orí náà wà níbẹ̀. Láti nǹkan bíi mítà 30 lọ, náítírójìn a máa pa èèyàn bí ẹmu. Kì í ṣe pé ó ń dunni, ó ń dùn mọ́ni ni, ìyẹn ló sì burú nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ní kí n sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bíi mítà 50 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán kí n lọ dè ìkọ́ irin kan. Mo sọ̀kalẹ̀, mo dè é, inú mi dùn. Ó dá mi lójú gan-an. Nígbà tí mo dókè ni ọ̀gá tó ń fi fóònù gbóhùn mi ní n kò fọwọ́ kan ìkọ́ kankan, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni mò ń ná ẹja pẹ̀lú ẹnì kan, tí mo sì ní ó ti wọ́n jù. Èmi ní okùn afẹ́fẹ́ láti orí ọkọ̀, mo ní fóònù, mo ní èèyàn tó fà mí gòkè. Ìwọ ò ní ọ̀kan kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ́síjìn pàápàá, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹ̀mí, májèlé ni bó bá ki jù. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí agbára ti ọ́síjìn nìkan kọjá bar 1.4 nísàlẹ̀, tàbí 1.6 nígbà tá a bá ń sinmi lójú ọ̀nà. Ní mítà 65, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1.6 yẹn, nígbà tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ lò ń ṣe. Bó bá kọjá ààlà, gìrì ló máa ń mú èèyàn, láìkìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Gìrì lórí ilẹ̀ kì í sábà pani. Nínú omi, règúlétọ̀ á já bọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ tó rì sí irú ibú bẹ́ẹ̀ kì í fi mí afẹ́fẹ́ lásán. Wọ́n ń po gáàsì mẹ́ta pọ̀: ọ́síjìn, náítírójìn àti hílíọ́ọ̀mù. Trimix lorúkọ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 18/45 sí lára, ọ́síjìn 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀, hílíọ́ọ̀mù 45, ìyókù sì jẹ́ náítírójìn. Ní mítà 65, ọ́síjìn rẹ̀ á dúró sí nǹkan bíi 1.35, ti náítírójìn á sì dà bí ìgbà tó o fi afẹ́fẹ́ lásán lọ sí mítà 25. Orí á pé. Lẹ́yìn náà ni sílíńdà mìíràn tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, èyí tí wọ́n ń mí láti mítà 21 sókè, àti ọ̀kan tó jẹ́ ọ́síjìn pátápátá láti mítà 6, kí gbèsè lè tètè tán. Nọ́ńbà gàdàgbà la fi ń kọ mítà tí a ti lè mí ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, torí ẹni tó bá ṣèèṣì ki ẹnu bọ sílíńdà mítà 21 nígbà tó wà ní 65, nǹkan bíi 3.75 ló mí yẹn. Àwọn mìíràn ń lo rebreather, tó ń fọ èémí wọn mọ́ tí wọ́n á tún un mí. Ẹ̀rọ tó dára ni, ó ń dín owó hílíọ́ọ̀mù kù, ṣùgbọ́n ó mọ onírúurú ọ̀nà tí èèyàn fi ń kú ju sílíńdà lọ.

Gbogbo èyí, a ò tíì wọnú ọkọ̀ náà o. Ẹrẹ̀ tó ti ń bà sínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bó o bá gbá ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa dìde, o ò sì ní rí ọwọ́ ara rẹ mọ́. Okùn lèèyàn ń nà láti ẹnu ọ̀nà wọlé, òun náà lò ń dì mú jáde. Àwọn àwọ̀n tí ẹ sọ pé ó fà ya sí ibẹ̀, níbẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà, wọ́n ń dúró de ẹja tó bá kọjá, wọn kì í sì í béèrè bóyá ẹja ni. Ọ̀bẹ méjì ó kéré tán, níbi tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lè dé.

Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Jámánì kan wà ní nǹkan bíi mítà 70 níwájú New Jersey ní Amẹ́ríkà, U-869. 1991 ni àwọn amòòkùn rí i, wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀ dájú títí di 1997. Ní 1992, bàbá àti ọmọ kan, Chris Rouse àti Chrissy, lọ wọ̀ ọ́. Ẹrù wó lu ọmọ nínú lọ́hùn-ún, bàbá lọ fà á yọ. Nígbà tí wọ́n fi jáde, àsìkò ti lọ, ìdààmú ti bá wọn, wọ́n sì gba ojú omi lọ láìdúró san gbèsè. Àwọn méjèèjì ló kú. Wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dáadáa o, kì í ṣe ẹni tó ní káàdì mítà 18.

O lè ní ṣebí ìbòmíì nìyẹn. Ó dáa, ká bọ̀ sílé. Ní oṣù karùn-ún 2013, Jascon-4, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ epo, dojú dé níwájú Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta, ó sì rì sí nǹkan bíi mítà 30. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene tó ń se oúnjẹ fún wọn nìkan ló yè. Ó rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan, ó sì wà nínú òkùnkùn àti òtútù níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60, títí àwọn amòòkùn tó wá kó òkú fi kan ọwọ́ tó ṣì ń mì. Gbogbo wa la wo fídíò yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí ni èyí tó tẹ̀ lé e. Wọn ò gbé e wá sókè tààrà. Ọkùnrin yìí ò gbé sílíńdà, kò mòòkùn, jíjókòó ló jókòó, ṣùgbọ́n ó ti mí afẹ́fẹ́ tó ki fún ọjọ́ méjì àbọ̀, gbogbo ẹ̀wà ara rẹ̀ ti rin dé inú. Bí wọ́n bá gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, á kú sójú wọn. Inú yàrá onírin tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ mọ́ ni wọ́n tì í sí, ó sì ju ọjọ́ méjì lọ kó tó jáde. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ amòòkùn. Ẹ ò rí i pé orí èèyàn yàtọ̀ síra.

Kí lo máa ṣe bí gbèsè bá ká ọ mọ́ lójú òkun yẹn? Yàrá onírin yẹn nìkan ni oògùn rẹ̀, àti ọ́síjìn pátápátá tí wàá máa mí láti ìgbà tó o bá ti jáde títí wàá fi dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yàrá náà wà, fóònù wọn àti wákàtí tí yóò gbà láti débẹ̀, kò tíì múra. Má sì ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tì ọ́ padà sínú omi pé kó o lọ tún un san. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀.

Omi tiwa náà ò mọ́. Nígbà òjò, gbogbo ohun tí Ọ̀ṣun àti àwọn odò yòókù kó láti òkè ló ń gba ọ̀sà bọ́ sókun, ìṣàn òkun tó ń gba etíkun wa láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kì í sì í sinmi. Wákàtí kan tó o fi ń dúró san gbèsè, ó lè ti gbé ọ jìnnà sí ọkọ̀ àbúrò ìyá rẹ kọjá ibi tí ojú wọn lè tó. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ní tìrẹ, kò tilẹ̀ hó, àmọ́ ó ń rìn.

Ti Olókun: bí Bàbá àgbà bá ní kẹ́ ẹ bọ ọ́, ẹ bọ ọ́, n kì í bá àgbà jiyàn nípa ilé wọn. Ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ ọ pé ètùtù kan sọ mítà 65 di 18. Ti idẹ sì rèé: òfin ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ wa ti 2007 ò fi ọkọ̀ tó rì ṣe ohun àrímú. Ẹni tó bá rí i tàbí tó yọ nǹkan lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ létí. NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Bí èèyàn bá kú sínú rẹ̀, sàréè ni.

Bó bá ṣì wù ọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀nà wà. Káàdì mítà 30 ló kàn, lẹ́yìn náà 40, ìmọ̀ nitrox (afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún), bí a ṣe ń gba ẹlòmíràn là, ìmòòkùn oní-ìdúró, kó o tó wá kan trimix. Jẹ́ kí ìmòòkùn rẹ tó ọgọ́rùn-ún kó o tó máa ronú ọkọ̀ yìí. Ọdún mélòó kan ni, owó kékeré sì kọ́.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Wá kámẹ́rà tó wà nínú àpótí tó lè gba mítà 100, àti tọ́ọ̀ṣì tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. So wọ́n mọ́ okùn, kó o wá fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so òjé mọ́ ìsàlẹ̀ wọn. Bí òjé bá há sínú àwọ̀n, òwú ni yóò já, kámẹ́rà á sì padà wá bá ọ. Kí ọkọ̀ yín dúró sí apá ibi tí ìṣàn ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbé okùn lọ sórí ọkọ̀ tó rì náà. Àbúrò ìyá rẹ tó ti ń ju àwọ̀n láti kékeré yóò mọ èyí ṣe jù mí lọ. Fi ohun tó bá yà ránṣẹ́ sí mi. Bí ó bá ṣe pé àpáta ni, a ti fi owó hílíọ́ọ̀mù pamọ́.

Àwọn sílíńdà tokunbọ̀ yẹn, wo èjìká wọn. Wàá rí oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tí wọ́n fi omi dán an wò kẹ́yìn. Bó bá ti ju ọdún 5 lọ, tàbí tí wọ́n bá ti fi òòlù nà án rẹ́, má kún un, má sì gbé e sí yàrá tí o ń sùn.